Ọkọ̀ Tí Kọ́ńpìnnì Fi Ránṣẹ́ sí Agatha

Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1972, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kúrò lápá òsì ọ̀nà, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Etí gbogbo awakọ̀ ló gbọ́ àṣẹ náà. Ọwọ́ àwọn mìíràn nínú wọn kò tètè gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Agatha ń wa píkọ́ọ̀pù rẹ̀ bọ̀ láti Òde-Ayé, ó ń lọ sílé rẹ̀ ní Òkìtìpupa. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ló wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù náà, bóòtù mẹ́rin ló sì dè é mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kékeré kan wà lápá kan. Àgbá tí wọ́n fi páànù bò, tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lára, wà lápá kejì. Bẹ́líìtì rọ́bà ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, bẹ́líìtì á fa àgbá, àgbá á sì máa họ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá tì sí i lẹ́nu. Agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tí obìnrin mẹ́rin máa fi ọwọ́ rin láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ẹ̀rọ yìí á rin ín tán kí omi tó hó lórí iná.

Agatha kò fi ẹ̀rọ náà sójú kan. Òun ló ń gbé e tọ àwọn àgbẹ̀ lọ sóko. Ó ní ó rọrùn láti gbé ẹ̀rọ kan lọ bá ẹgbẹ̀rún ẹ̀gẹ́ ju kí ènìyàn ru ẹgbẹ̀rún ẹ̀gẹ́ wá bá ẹ̀rọ kan.

Vincent, ọkọ rẹ̀, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ogún ọdún ni Vincent fi wa lọ́rì kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tó rí i pé kò ní pẹ́ tí òun kò fi ní rí ọ̀nà mọ́, ó kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà. Ní báyìí tí ọ̀nà ti yí padà, ẹ̀bá igbó ni Agatha ń jókòó sí, nítorí apá ọ̀tún ni sìtíárìn wà. Vincent ló wá wà lápá ibi tí ọkọ̀ mìíràn ń gbà kọjá.

“Bàbá Janet,” ni Agatha wí, “ǹjẹ́ ọ̀nà mọ́ níwájú?”

“Mi ò rí i, mo kàn ń gbọ́ ọ ni. Lọ́rì agbégẹdú kan ń bọ̀ lẹ́yìn kọ́nà yẹn. Jíà kejì ló wà.”

Agatha kì í bá etí Vincent jiyàn. Ó ya sápá ọ̀tún pátápátá, títí táyà méjì fi wọ inú koríko, ó sì dúró. Lọ́rì náà yọ lẹ́yìn kọ́nà. Apá òsì tirẹ̀ ló gbà, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ rẹ̀ ti ń gbà á láti ọdún mẹ́rìnlá, ó sì wá tààrà bá píkọ́ọ̀pù tó dúró jẹ́ẹ́ nínú koríko.

Ètè Vincent bẹ́, èjìká Agatha wú. Iwájú píkọ́ọ̀pù wọlé bí ìgbà tí ènìyàn tẹ páànù mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn kò mira.

Adésànyà ni orúkọ awakọ̀ lọ́rì náà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di orí mú. “Ìyá, ẹ má bínú. Ojú mi rí yín. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́.”

“Ojú rẹ rí mi,” ni Agatha wí, “o sì wá kí mi.”

Ọlọ́pàá tó wá fi okùn wọn ojú ọ̀nà, ó wo ibi tí táyà tẹ̀ koríko, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé píkọ́ọ̀pù dúró, pé lọ́rì ló jẹ̀bi. Kọ́ńpìnnì agégẹdú tó ni lọ́rì kò janpata. Ọgbà wọn kò jìnnà sí ilé Agatha, kò tó ìrìn ìdajì wákàtí. Lucas, tí í ṣe olórí akọ̀wé wọn, kọ ìwé pé àwọn mẹkáníìkì àwọn ni yóò tún píkọ́ọ̀pù náà ṣe, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fi ṣéènì wọ́ ọ lọ sínú ọgbà. Agatha tú bóòtù mẹ́rin, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sílé, ó sì ń ka ọjọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì di mẹ́rin. Mẹ́rin di méje. Àwọn mẹkáníìkì ti jó òjé sí ojú ihò rèdíétọ̀, wọ́n ti na irin iwájú. Áàsù, irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, ló kù. Ó ti tẹ̀ bí ọrun, Agatha fúnra rẹ̀ sì gbà pé kò ṣeé nà, nítorí áàsù tí wọ́n bá fi iná nà, á padà dá lójú ọ̀nà. Òmíràn gbọ́dọ̀ ti Èkó wá. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń lọ béèrè rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ajé ni Lucas sì ń sọ pé ó ń bọ̀.

Ìdúró yìí ì bá má dun Agatha tó bẹ́ẹ̀, bí kò bá ṣe ti Erinje. Obìnrin méjìlélógún ló pawọ́ pọ̀ gbin ẹ̀gẹ́ sí etí odò lẹ́yìn Erinje, ilẹ̀ kálukú tẹ̀ lé ti èkejì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí odò ti lọ, ó tó máìlì méjì. Ẹ̀gẹ́ náà ti gbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá fà tu kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kí inú rẹ̀ tó dúdú, nítorí náà wọn kò lè fà á kí ẹ̀rọ tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni odò náà máa ń kún wọ oko ní àárín oṣù kẹfà, ẹ̀gẹ́ tí omi bá sì dé ìdí rẹ̀ á rà. Ìparí oṣù karùn-ún ni wọ́n wà yìí. Agatha ti bẹ àwọn onílọ́rì. Àwọn tó gbà láti lọ sí Erinje pọ̀. Ẹyọ kan kò gbà láti wọ ọ̀nà oko, ká má tíì sọ pé kó dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn obìnrin náà ti gbára lé e. Òun ló sọ fún wọn lọ́dún tó kọjá pé kí wọ́n fi ilẹ̀ kún ilẹ̀, pé ẹ̀rọ òun á ká a.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ keje, kò dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó wọlé, ó jókòó.

“Ìyá Janet,” ni Lucas wí, “áàsù yín ti wà lójú ọ̀nà.”

“Ọ̀nà wo?”

“Ọ̀nà Èkó.”

“Ó ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ni?”

Lucas rẹ́rìn-ín. Ọmọ Akotogbo ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ pé ó dùn. “Ẹ ní sùúrù, Ìyá.”

“Mo ní i. Ẹ̀gẹ́ ni kò ní. Ẹ fún mi ní òmíràn tí màá máa lò títí tèmi á fi dìde.”

“Àtúnṣe la jẹ yín, à ń tún un ṣe. Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ká tún yá yín ní òmíràn?”

“Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Ìdílé ìyá mi wà létí odò. Bí ẹnì kan bá fọ́ ọkọ̀ rẹ níbẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ ni wàá máa tù títí tìrẹ á fi dìde. Bó bá fẹ́ lọ sọ́jà, á wá tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ.”

“Ọkọ̀ ojú omi nìyẹn.”

“Ọkọ̀ ni ọkọ̀, akọ̀wé. Èyí tó ń lọ lórí omi àti èyí tó ń lọ lórí ilẹ̀, ẹni tó fọ́ ọ ló fọ́ ọ.”

“Ó dáa,” ni Lucas wí, “ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.” Ó rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí.

Agatha na ọwọ́, ó mú kálámù tó wà níwájú akọ̀wé. Ìwé kẹrin ló kà ní ilé-ìwé ìjọ, ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra, ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló dúró ṣánṣán: *Mo fẹ́ kí kọ́ńpìnnì fún mi ní ọkọ̀ tí màá máa lò títí ọkọ̀ mi yóò fi dìde.* Kò fún Lucas. Ó gbé e wọlé tọ mánẹ́jà lọ, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Olúwafẹ́mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé. Mánẹ́jà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè ọ̀sẹ̀ mélòó, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, *Ẹ fún un.*

Nígbà tó ń jáde, Agatha kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ búlúù kan tí àwọn mẹkáníìkì máa ń wà lọ inú igbó. Ó fi ìbú ọwọ́ wọn ẹ̀yìn rẹ̀. Ó bá tirẹ̀ mu ní ìbú, ó fi ìka mẹ́rin gùn jù ú.

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́rì kan dúró níwájú ilé rẹ̀. Adésànyà ló wà á. Kò wo ojú Agatha. Òun àti ọkùnrin mẹ́ta gbé nǹkan gígùn kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ilé.

Ọkọ̀ ojú omi ni. Igi kan ni wọ́n gbẹ́ ẹ láti ara rẹ̀, ó ti gbó, wọ́n sì fi páànù àti ọ̀dà lẹ ihò kan nídìí rẹ̀.

Rose, tó ń ránṣọ ní òdìkejì ọ̀nà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ìyá Janet, ẹ kú orí ire ọkọ̀ tuntun o. Táyà rẹ̀ dà?”

Ẹ̀rín sọ ládùúgbò. Vincent fi ọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Igi gidi ni,” ló wí. “Àmọ́ mi ò tíì fọwọ́ kan ibi tí wọ́n fi jíà sí.”

“Ta ló fi èyí ránṣẹ́?” ni Agatha bi Adésànyà.

“Akọ̀wé ni, Ìyá. Ó ní ohun tí ẹ béèrè nìyẹn. Ó ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé yìí.”

Agatha ka ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti gba ọkọ̀ kan lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì, pé ó tó, pé òun kò ní béèrè òmíràn. Ó ká a, ó fi í sínú ìró aṣọ rẹ̀.

“Sọ fún akọ̀wé pé mi ò kọ̀ ọ́, mi ò sì tíì gbà á. Màá kọ́kọ́ dán an wò.”

“Níbo lẹ ti fẹ́ dán an wò? Odò jìnnà síbí.”

“Wọn ò fi odò ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí mọ́tò mi ń rìn ni màá ti dán an wò.”

Nígbà tí lọ́rì lọ tán, Vincent jókòó sí etí ọkọ̀ náà. “Ìyá Janet, ẹ̀rín ni wọ́n fi ọ́ rín. Jẹ́ ká dá a padà.”

“Bí a bá dá a padà, wọ́n á ní a kọ̀ ọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ níbí, wọ́n á ní a gbà á. Ó kù kí n lò ó.” Ó kúnlẹ̀, ó ń wo inú rẹ̀. “Bá mi di okùn yìí mú. Mo fẹ́ mọ bí ìdí rẹ̀ ti tẹ́jú tó.”

Ìdí rẹ̀ kò tẹ́jú, ó rí roboto, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sì nìyẹn. Bí wọ́n bá kàn gbé ẹ̀rọ sínú rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọkọ̀ á máa yí bí igbá. Agatha gé pákó líle méjì, ó dá wọn dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi ègé igi há abẹ́ wọn títí wọn kò fi mì mọ́. Ó lu ihò mẹ́rin sí wọn, ó sì de ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó jẹ́ kó wà nísàlẹ̀ bó bá ti lè wà tó, nítorí ohun tó bá ń gbọ̀n, ìsàlẹ̀ ló yẹ kí ìwúwo rẹ̀ wà. Ó fi òkúta gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì ró, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ náà gbọ̀n díẹ̀, ó sì dúró. Inú rẹ̀ dùn sí i fún ìgbà díẹ̀, ó tiẹ̀ gbàgbé ohun tó ń bí i nínú.

Ó ránṣẹ́ sí Erinje. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn obìnrin náà ti dé, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan wà lórí kálukú. Màmá Eunice ló ṣáájú wọn, obìnrin Aládùúrà kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó wọ sùtánà funfun rẹ̀, ó ká a sókè dé orúnkún.

Wọ́n to ọparun méjìlá sílẹ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ lé wọn, wọ́n sì ń tì í. Bí ọparun ẹ̀yìn bá ti bọ́ sílẹ̀, ẹnì kan á gbé e sáré lọ síwájú. Báyìí ni ọkọ̀ ojú omi rìn lójú ọ̀dà láti iwájú ilé Agatha títí dé ẹnu géètì kọ́ńpìnnì, ó gba apá ọ̀tún ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ní ẹnu géètì, Agatha yí i dábùú, ó yọ ọparun kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi òkúta há a.

“Kí ló dé?” ni ẹ̀ṣọ́ géètì béèrè.

“Kò lọ mọ́,” ni Agatha wí. Ó tan ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí aago iṣẹ́ lù, lọ́rì mẹ́ta tó ru gẹdú ti tò sínú ọgbà, wọn kò ríbi jáde. Àwọn obìnrin jókòó yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Vincent wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó fi àjẹ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ apẹja kan ń wa eruku. Lucas jáde wá, kò tíì so táì rẹ̀ tán.

“Ìyá Janet, kí lèyí?”

“Iṣẹ́ ni. Ẹ káàárọ̀.”

“Ẹ gbé ọkọ̀ yìí kúrò lẹ́nu géètì.”

“Ọkọ̀ wo?”

“Ọkọ̀ tí mo fi…”

“Ẹ parí rẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi dípò píkọ́ọ̀pù. Mo ń lò ó. Erinje ni mo ń lọ. Bó bá ti rìn báyìí, màá kúrò.”

“Mo ti tù ú títí,” ni Vincent wí. “Bóyá ibi tí omi ti mù ún lójúgun ni kò tíì dé.”

“Akọ̀wé,” ni Màmá Eunice wí, kò gbójú kúrò lára ẹ̀gẹ́ tó ń bó, “kúnlẹ̀ síbí kí a jọ gbàdúrà kó rìn. Ṣùgbọ́n bọ́ bàtà rẹ ná.”

Àwọn awakọ̀ lọ́rì tó wà nínú ọgbà ń rẹ́rìn-ín. Adésànyà wà láàárín wọn, òun ló ń rín jù. Lucas ní òun á pe ọlọ́pàá. Agatha ní kó pè é, pé ọlọ́pàá tó wọn ojú ọ̀nà lọ́jọ́sí mọ okùn lò dáadáa, kó wá wọn èyí náà.

Mọ́tò mánẹ́jà ló dé kí ọlọ́pàá tó dé. Kò rí ibi wọlé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó wo ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀, ó wo àwọn obìnrin.

“Ta ló gbé èyí wá síbí?”

“Kọ́ńpìnnì ni, sà,” ni Agatha wí. Ó mú ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí jáde, ó fún un.

Mánẹ́jà kà á. Ó yíjú sí Lucas. “Èmi ní kí ẹ fún un ní ọkọ̀.”

“Ọkọ̀ ni, sà,” ni Lucas wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Ó kọ *ọkọ̀* sínú ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ̀rọ̀ odò.”

“Ó dáa,” ni mánẹ́jà wí. “Ẹ wọ inú rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lucas, kí ẹ gbé mi dé ọ́fíìsì.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sókè, nítorí ojú mánẹ́jà le. Ó ní kí Agatha pa ẹ́ńjìnnì. Agatha rin ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́nu àgbá tán kó tó pa á.

“Ìyá,” ni mánẹ́jà wí, “ẹ má bínú. Ẹ mú mọ́tò tèmi yìí títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Awakọ̀ mi á máa gbé yín.”

“Mọ́tò yín dára, sà. Ẹ̀rọ mi ò lè jókòó lórí tìmùtìmù. Píkọ́ọ̀pù búlúù tó wà lábẹ́ ìbòòji yẹn ni mo fẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ gba ẹ̀rọ mi, mo ti wọ̀n ọ́n.”

“Èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń lò nìyẹn,” ni Lucas wí. “Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e wọ igbó.”

“Mo mọ̀. Ojoojúmọ́ lèmi náà ń lo tèmi.”

Mánẹ́jà ronú. Lọ́rì kan fọn fèrè nínú ọgbà. “Ọjọ́ mélòó lẹ máa fi lò ó?”

“Èmi kọ́ lẹ máa bi, sà. Ẹ bi áàsù.”

Báyìí ni wọ́n ṣe mú kọ́kọ́rọ́ píkọ́ọ̀pù búlúù wá. Gbogbo ènìyàn rò pé Agatha á gbé ọkọ̀ ojú omi kúrò lẹ́nu géètì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tún un fà. Ó fi ọwọ́ mi orí bátìrì, ó rí i pé wáyà kan ti tú, ó ní kí mẹkáníìkì dè é. Ó yọ ìdérí táǹkì, ó ki igi bọ̀ ọ́, igi jáde ní gbígbẹ. Ó ní ẹni tó bá yá ènìyàn ní ọkọ̀ a máa fún un ní àjẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n bu bẹntiróòlù sí i títí táǹkì fi kún. Lẹ́yìn èyí ló mú ìwé Lucas, ó fa igi lé ibi tí wọ́n kọ sí pé òun kò ní béèrè òmíràn, ó sì kọ ọ́ sí i pé òun á dá píkọ́ọ̀pù búlúù padà lọ́jọ́ tí tòun bá padà sọ́wọ́ òun, tó sì ń ṣiṣẹ́. Mánẹ́jà fọwọ́ sí i. Òun náà fọwọ́ sí i. Wọ́n wá yí ọkọ̀ ojú omi kúrò, àwọn lọ́rì sì jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ti ń dún nínú oko Erinje. Láti ìsàlẹ̀, níbi tí omi á kọ́kọ́ dé, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ méjì lóòjọ́, nígbà mìíràn méjì àbọ̀. Bí wọ́n bá ti rin ti ẹnì kan tán, Agatha á wa píkọ́ọ̀pù síwájú dé ilẹ̀ ẹni tó kàn. Vincent ló ń gbọ́ bẹ́líìtì. Bó bá ti ń yọ̀, á kígbe kí wọ́n tó rí i, Agatha á sì fà á le. Òjò ń rọ̀ lálaalẹ́. Láràárọ̀ ni Màmá Eunice ń fi igi sàmì sí etí odò, láràárọ̀ ni omi sì ń bo igi àná.

Ní ọjọ́ kẹrin, Adésànyà gun kẹ̀kẹ́ dé inú oko. “Ìyá, mánẹ́jà ní kí n kí yín. Àwọn mẹkáníìkì ń fẹsẹ̀ rìn wọ igbó pẹ̀lú sípánà lórí. Lọ́rì méjì ti dákú síbẹ̀, wọn ò rí ọ̀nà dé ìdí wọn. Ó ní ṣé ẹ lè yọ̀ǹda píkọ́ọ̀pù fún ọjọ́ méjì péré.”

“Áàsù ti dé?”

“Ó ní ó wà lójú ọ̀nà.”

“Sọ fún un pé píkọ́ọ̀pù náà wà lójú ọ̀nà.”

Adésànyà ní òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá òun. Ó sọ ọ́. A mọ̀ pé ó sọ ọ́, nítorí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Lucas wọ lọ́rì gẹdú lọ sí Èkó. Mánẹ́jà ní kó má padà wá láìsí áàsù. Irin tó fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún wà lójú ọ̀nà dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Lucas ló gbé e sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì láti Èkó dé Òkìtìpupa. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi dè é sábẹ́ píkọ́ọ̀pù.

Ọjọ́ kẹsàn-án iṣẹ́ ni Lucas wọ inú oko, tòun ti mẹkáníìkì kan, píkọ́ọ̀pù Agatha ni wọ́n gùn wá. Ilẹ̀ mẹ́ta ló kù, ti Màmá Eunice ló kẹ́yìn. Omi ti wọ àárín ebè ní ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn.

“Ìyá Janet,” ni Lucas wí, “tiyín rèé. Ẹ fún wa ní tiwa.”

“Ẹ ṣeun. Ẹ fi jáàkì gbé e.”

“Wọ́n ti dán an wò.”

“Èmi ò tíì dán an wò.”

Wọ́n gbé e sókè. Agatha dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ yí táyà, ó mì í sọ́tùn-ún, ó mì í sósì. Lápá òsì, ó rí pínnì kan tí wọ́n ti bọ nọ́ọ̀tì lẹ́nu ṣùgbọ́n tí wọn kò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí pínnì bẹ́ẹ̀ bá yọ, nọ́ọ̀tì á máa tú díẹ̀díẹ̀, táyà á sì lọ lọ́jọ́ kan láìdágbére. Kò pariwo. Ó pe mẹkáníìkì sábẹ́ ọkọ̀, ó fi hàn án, mẹkáníìkì sì tẹ̀ ẹ́. Agatha tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, Vincent dẹ etí sí i, ó mi orí. Wọ́n tú bóòtù mẹ́rin, àwọn obìnrin mẹ́jọ gbé ẹ̀rọ kúrò nínú búlúù sínú ti Agatha, Agatha sì na kọ́kọ́rọ́ búlúù sí Lucas.

“Mo dá a padà. Ó ń ṣiṣẹ́.”

Lucas wọ inú rẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Omi wà lẹ́yìn. Píkọ́ọ̀pù Agatha wà níwájú, ó dí ọ̀nà oko pátápátá, àgbá ẹ̀rọ sì ti ń yí.

“Ìyá Janet, ẹ sún díẹ̀ kí n kọjá.”

“Ọ̀nà yìí ò gba mọ́tò méjì, akọ̀wé. Ilẹ̀ mẹ́ta ló kù. Bí a bá tètè rin ín tán, ẹ óò tètè lọ.”

Lucas pa ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sí etí ebè. Màmá Eunice gbé agbọ̀n òfìfo kan lé e lọ́wọ́, ó sì nawọ́ sí ilẹ̀ tó kàn.